ỌKỌ̀ Ẹ̀RỌ KÉKERÉ LÓJÚ OMI: Ọ̀RỌ̀ FÚN ARÁ ILẸ̀

Òṣíẹ̀lẹ̀ kì í ṣe ìlú etí odò ńlá. Ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn ni ó wà, ọkọ̀ ilẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ sì mọ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti fi odi dí odò Ọ̀yán, tí a sì ṣí i ní ọdún 1983, adágún ńlá kan ti wà ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Abẹ́òkúta. Ẹja ń bẹ níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ra ẹpìyà lọ́wọ́ apẹja òdìkejì kò ní ọ̀nà tí ó yá ju ọkọ̀ ojú omi lọ. Báyìí ni àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ rárá ṣe lè bá ara rẹ̀ lórí omi jíjìn ní ọjọ́ kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún, ju atukọ̀ lọ.

Kì í ṣe pé Ẹ̀gbá kò mọ ọkọ̀ rí. Kí a tó ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1901, ọkọ̀ igi ni a fi ń kó ẹrù lórí odò Ògùn láti Èkó wá sí Àró nígbà tí odò bá kún. Àjẹ̀ àti ọ̀pá ni wọ́n fi ń tù ú; ìrìn rẹ̀ kò yá, atukọ̀ sì ní àyè láti rí ohun tí ó wà níwájú. Ẹ̀rọ ìdí ọkọ̀, irú èyí tí Ole Evinrude, ọmọ Norway tí ó dàgbà ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1909, ti gba àyè yẹn lọ́wọ́ atukọ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn tí ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ ní òru wọ ọkọ̀ kan lórí odò Ọya ní agbègbè Pàtígi, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Èrò pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà kọlu ìtì igi tí omi bò, ó sì fọ́. Àwọn tí ó kú ju 100 lọ. Bí a bá wò ó dáradára, ẹ̀rọ kọ́ ni ó pa wọ́n. Òkùnkùn ni, àti igi tí ojú kò rí, àti ẹrù tí ó ju agbára ọkọ̀ lọ. Nínú adágún tí a fi odi ṣe, kùkùté igi a máa wà ní abẹ́ omi, wọn a sì máa súnmọ́ òkè ní ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí omi bá fà. Nítorí náà, ẹni tí ó ra ẹja tán tí oòrùn sì ti ń wọ̀, kí ó wá ibi sùn.

Kí èrò wo etí ọkọ̀ kí ó tó wọ̀ ọ́. Bí omi bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí náà ní èbúté, kí ó sọ̀ kalẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti sanwó. Ojú a máa ti ènìyàn láti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú kò mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Kí ó béèrè ẹ̀wù ìléfòó, kí ó wọ̀ ọ́, kí ó sì so okùn rẹ̀ le. Èyí tí a fi jókòó bí tìmùtìmù kò gba ẹnikẹ́ni là. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìjọba ti ń ka irú ikú bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, nínú mẹ́wàá tí omi pa ní ìjàm̀bá ọkọ̀, ó ju mẹ́jọ lọ tí kò wọ̀ ọ́. Ti àgbà kò yẹ ọmọdé, nítorí yóò bọ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí gbogbo èrò jókòó, kí ẹrù sì wà nílẹ̀ láàrin ọkọ̀.

Ní ti atukọ̀, okùn kékeré kan wà lára ẹ̀rọ, tí a ń so mọ́ ọwọ́ tàbí ìgbànú rẹ̀. Bí ó bá ṣubú sómi, okùn náà yóò fà yọ, ẹ̀rọ yóò sì kú. Láìsí i, ọkọ̀ tí kò ní olùdarí a máa yí po lójú kan, irin tí ń yí ní abẹ́ rẹ̀ a sì máa gé ènìyàn bí àdá. Orí ilẹ̀ ni kí a ti bu bẹntiróòlù, nítorí èéfín rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, a sì máa sọ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dúró de iná sìgá. Kí àjẹ̀ àti igbá tí a fi ń gbọ́n omi wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò kú kò ní ìkìlọ̀.

Ní ìsàlẹ̀ odi Ọ̀yán, nǹkan mìíràn tún wà láti ṣọ́. Ní àkókò òjò, pàápàá ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, a máa ń tú omi adágún náà sílẹ̀, odò Ògùn a sì kún, a sì máa sáré. Kí a gbọ́ ìkìlọ̀ àwọn tí ń tọ́jú odi kí a tó sọ ọkọ̀ sí odò.

Bí ọkọ̀ igi bá dojú dé, kí a dì í mú. Etí odò a máa jìnnà ju bí ojú ti rí i lọ, ọkọ̀ igi a sì máa léfòó bí ó tilẹ̀ kún fún omi. Nígbà tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù fọ́ ní Mélítà, lórí pákó àti àfọ́kù ọkọ̀ ni àwọn tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ fi gúnlẹ̀.

Èyí tí ó kù wà ní èbúté. Láti àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé ṣíṣí odi náà ni àwọn oníṣègùn ti rí àrùn àtọ̀sí ajá púpọ̀ láàrin àwọn ará etí adágún Ọ̀yán. Kòkòrò tí ó ti ara ìgbín omi jáde ni ó ń gba awọ ara wọlé. Kí ẹni tí ń ti ọkọ̀ sómi wọ bàtà rọ́bà gígùn, kí ó sì tètè nu ara rẹ̀ gbẹ bí omi bá kàn án. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn praziquantel ni a fi ń wò ó.