Eré-ìje Kẹ̀kẹ́ Ọlọ́jọ́ Mẹ́jọ Lórí Òkè

Ilẹ̀ Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Bí a bá yọ orí afárá kúrò, agbára káká ni oníkẹ̀kẹ́ fi lè rí ìgòkè níbẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀dọ́ tí ó dàgbà sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè díje nínú eré-ìje kẹ̀kẹ́ orí òkè, bí ó bá tètè mọ̀ pé kì í ṣe òkè nìkan ni ó ń dá ènìyàn dúró, bí kò ṣe àárẹ̀ àná tí a gbé wọ inú ti òní.

Olókìkí nínú irú eré yìí ní Áfíríkà ni Cape Epic, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004 ní ilẹ̀ South Africa. Ọjọ́ 8 ni wọ́n fi ń gùn ún, ọ̀nà rẹ̀ a sì máa tó nǹkan bí kìlómítà 600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni méjì-méjì ni í díje pọ̀. Bí ọ̀kan bá fi ju ìṣẹ́jú 2 lọ jìnnà sí èkejì, ìjìyà ń bẹ. Nítorí náà, akíkanjú tí ó mú ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó tirẹ̀ yóò máa dúró dè é títí eré yóò fi parí.

Iṣan ara a máa tọ́jú agbára tí ó rí nínú iṣu, ẹ̀bà àti ìrẹsì, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni. Wákàtí mélòó kan péré ni í fi í tán bí a bá ń fi tipátipá gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò bá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí búrẹ́dì lórí ìrìn, tí kò sì jẹun kánkán bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀la ni yóò san gbèsè rẹ̀. Omi nìkan kò tó. Òógùn ń gbé iyọ̀ lọ.

Ìsọ̀kalẹ̀ ni ó ń ṣe ènìyàn léṣe jù. Bíréèkì iwájú nìkan, bí a bá fún un lójijì, lè gbé ènìyàn ṣubú kọjá orí kẹ̀kẹ́. Méjèèjì ni kí a máa fún díẹ̀díẹ̀, kí a fi ìdí sẹ́yìn.

Ní ti ìdánrawò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo ojú ọ̀nà èbúté Àpápá. Awakọ̀ tírélà tàbí ọkọ̀ agbépo kì í rí oníkẹ̀kẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sàn kí a dá owó ọkọ̀ jọ lọ sí Ìdànrè tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kí a gun òkè níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a tó dìde lórí ibùsùn, kí a ka bí ọkàn ti ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ púpọ̀, kí a fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.