Ọkọ̀ Tòkunbọ̀: Ẹ yẹ ìwé rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó wo ọ̀dà ara rẹ̀!

Ọmọ tí wọ́n bá bí sókè òkun, tí wọ́n wá gbé wálé, Tòkunbọ̀ ni Yorùbá ń sọ ọ́. Nígbà tí ọkọ̀ àlòkù láti ìlú òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Nàìjíríà, orúkọ yìí náà làwọn èèyàn fún un, orúkọ ọ̀hún sì mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tó ti òkun bọ̀ ṣe ní ìwé ìbí àti ìwé ìrìnnà tó fi wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí ọkọ̀ Tòkunbọ̀ ní tiẹ̀. Èyí tí kò bá ní in, bó ti wù kó máa dán tó, wàhálà lẹni tó rà á fowó rà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, nítorí owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ra ọkọ̀ kì í ṣe owó tí wọ́n rí he. Ẹlòmíì á dá àjọ fún odidi ọdún méjì, ẹlòmíì á yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ẹlòmíì á ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Yóò ra ọkọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ á bá a wẹ̀ ẹ́, ìyàwó àtàwọn ọmọ á jókòó sínú rẹ̀ tìdùnnú-tìdùnnú. Tó bá wá di ọjọ́ kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, àwọn aṣọ́bodè á dá a dúró, wọ́n á ní kó mú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ wá. Bí ìwé ọ̀hún bá jẹ́ ayédèrú, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀, ọkọ́ọ̀ṣì ni olówó ọkọ̀ yóò wọ̀ wálé. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún un ńkọ́? Fóònù rẹ̀ kò ní í lọ mọ́.

BÍ TÒKUNBỌ̀ ṢE GBÒDE

Lọ́dún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ l'Ékòó. Nígbà náà, tíṣà àti akọ̀wé ọ́fíìsì lè ra ọkọ̀ tuntun, kó máa fi owó oṣù san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ètò SAP dé lọ́dún 1986, tí náírà já wálẹ̀, lọkọ̀ tuntun fò kọjá agbára òṣìṣẹ́. Bí ọjà ọkọ̀ àlòkù ṣe gbòde nìyẹn. Ilẹ̀ Belgium ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń pe ohun àlòkù ní "bẹ́líjíọ́ọ̀mù".

Ẹnì kan lè béèrè pé, ṣebí ìlú ọba lọ́mọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù nílẹ̀ Yúróòpù, kí ló dé tí kì í ṣe ibẹ̀ lọ́pọ̀ ọkọ̀ ti ń wá? Ìdí rẹ̀ ni pé ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà pa ọwọ́ òsì tì, tá a bẹ̀rẹ̀ sí í wa mọ́tò lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì làwọn òyìnbó ìlú ọba ṣì ń rìn, àwọn ará Japan náà ń rìn bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún sì ni sítíárìn ọkọ̀ wọn wà. Òfin ò fẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú títì tiwa. Àwọn kan máa ń ní kí mẹkáníìkì gbé sítíárìn náà lọ sọ́wọ́ kejì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kò ṣe, tí wọ́n fi iná jó mọ́ ọn lábẹ́ igi, ewu ńlá ni. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà, Kánádà, Jámánì àti Belgium ló bá ọ̀nà wa mu.

NÍ ERÉKÙṢÙ TIN CAN

Lọ́dún 1975, ọkọ̀ ojú omi tó kó símẹ́ǹtì kún òkun Èkó débi pé wọn ò ríbi gúnlẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìjọba sáré kọ́ èbúté tuntun sórí erékùṣù Tin Can, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpápá, tí wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1977. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Tòkunbọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó wọn dà bí ilé alájà púpọ̀ tó ń léfòó. Wọ́n á ṣí ìdí rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á máa wa mọ́tò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí èèrà ń ti inú ihò bọ̀.

Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní ìwé tó ń tẹ̀ lé e. Àkọ́kọ́ ni ìwé tó fi hàn pé ẹni tó rà á lọ́hùn-ún ló ni ín. "Title" làwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Ìkejì ni ìwé tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi fún un, ìyẹn "bill of lading", tó sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́ àti orúkọ ẹni tó ń bọ̀ wá gbà á. Ẹ́jẹ́ǹtì tó ní láìsẹ́ńsì ló máa kó ìwé wọ̀nyí lọ bá kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọ́n á sọ iye tí ọkọ̀ tọ́, wọ́n á ṣírò owó tó yẹ kó san, wọ́n á sanwó náà ní báńkì, aṣọ́bodè á wá yẹ ọkọ̀ wò fúnra rẹ̀ kó tó jẹ́ kó jáde ní géètì. Bí ìwé bá ń fà nílẹ̀, owó ìdúró ń gun orí ara wọn lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ti gbé ọkọ̀ sórí omi kí owó kọ́sítọ́ọ̀mù tó pé lọ́wọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ.

Èló wá ni owó ọ̀hún? Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ìjọba ní kí ọkọ̀ àlòkù máa san 20 nínú 100 iye tó tọ́, pẹ̀lú 15 nínú 100 míì fún ètò ọkọ̀ ṣíṣe nílẹ̀ yìí. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35, láì tíì ka VAT àtàwọn owó wẹ́wẹ́ míì. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, náírà ni wọ́n fi ń san án, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì ti dójú ẹ̀. Ká ní kọ́sítọ́ọ̀mù sọ pé ọkọ̀ kan tọ́ $4,000, owó méjèèjì yìí nìkan jẹ́ $1,400. Nígbà tí wọ́n ń ṣírò dọ́là kan ní nǹkan bíi N420, N588,000 nìyẹn. Ìgbà tó máa fi di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kan tí wọ́n fi ń ṣírò ti kọjá N1,400. Owó ọkọ̀ kan náà wá di N1,960,000, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fi táyà kan kún un!

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 yẹn náà ni kọ́sítọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà ṣásíìsì ọkọ̀ mọ iye tó tọ́, kó má baà jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń dá iye lé e. Inú bí àwọn ẹ́jẹ́ǹtì, wọ́n ní owó tó ń jáde ti pọ̀ jù, wọ́n sì daṣẹ́ sílẹ̀ láwọn èbúté Èkó ní oṣù kejì ọdún náà. Kọ́sítọ́ọ̀mù dá a dúró fúngbà díẹ̀, wọ́n sì tún padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ọ̀NÀ KÚTỌNU

Bí owó bá ti pọ̀ báyìí, àwọn kan á yà sọ́nà ẹ̀bùrú. Èbúté Kútọnu ní ilẹ̀ Benin ò jìnnà, ọkọ̀ kún àwọn ibùdó ìtajà wọn rẹpẹtẹ, Nàìjíríà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ náà ń bọ̀. Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè ra ọkọ̀ lọ́hùn-ún, kó wà á dé Sẹ̀mẹ̀, kó sanwó kọ́sítọ́ọ̀mù níbẹ̀, kó sì máa bọ̀ nílé. Àmọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 nìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Ojú omi nìkan ni ọ̀nà rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti bodè pa pátápátá. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ní oṣù kejìlá ọdún 2020, òfin tó de ọkọ̀ kò bá a ṣí.

Ẹ wá fi èyí rò ó: ọkọ̀ Tòkunbọ̀ tó bá gba inú igbó Ìdírọkọ́ tàbí ti Àgbádárìgì wọlé lóru lẹ́yìn òfin yìí, ibo ló ti máa rí ojúlówó ìwé? Kò síbì kankan. Ìwé tẹ́ni tó ń tà á bá mú jáde, bí kì í bá ṣe ayédèrú, ìwé ọkọ̀ míì ni. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fàyàwọ́ fi máa ń lọ lówó pọ́ọ́kú. Owó tẹ́ni tó kó o wọlé kò san ló gbé lé ẹni tó rà á lórí. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

NỌ́ŃBÀ KÌ Í FỌ FÀYÀWỌ́

Àṣìṣe tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ ni pé wọ́n rò pé bí ọkọ̀ bá ti lè gba nọ́ńbà, ó bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nọ́ńbà ń sọ ẹni tó ni ọkọ̀, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń sọ ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà wọlé. Ọ̀kan ò lè jẹ́rìí èkejì. Bí ọkọ̀ tiẹ̀ ti lo ọdún mélòó kan lójú títì, aṣọ́bodè ṣì lè bi í léèrè ibi tó gbà wọlé.

Lọ́dún 2019, ṣebí àwọn aṣọ́bodè ló lọ ti ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ọkọ̀ pa l'Ékòó àti láwọn ìlú míì, wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ ìwé ọkọ̀ wò. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n fún àwọn tí owó ọkọ̀ wọn kò pé ní 90 ọjọ́ láti wá san èyí tó kù, pẹ̀lú ìtanràn 25 nínú 100. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti ní nọ́ńbà, tó ń rìn fàlàlà, lọ̀rọ̀ yìí kàn. Àyè yẹn sì ti tì.

OHUN TÓ YẸ KẸ́ Ẹ WÒ

Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ṣásíìsì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ẹ máa rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, ẹ sì máa rí i lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti orí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kì báà ṣe lẹ́tà kan péré. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ yáa máa lọ. Lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tó wà nípò kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀: A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011, C jẹ́ 2012, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Bí ẹni tó ń tà bá ń búra pé ọkọ̀ 2015 ni, tí C sì wà nípò kẹwàá, irọ́ ló ń pa. Ọdún yìí ṣe pàtàkì, nítorí ìjọba ní iye ọdún tí ọkọ̀ àlòkù ò gbọ́dọ̀ jù kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé.

Ẹ má ṣe gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́ nítorí pé sítáńpù wà lára rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Ẹni tó ń tà tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó ná, pé oníbàárà míì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí oníbàárà ọ̀hún rà á.

Lẹ́yìn ìwé lẹ tó máa wo ara ọkọ̀. Nígbà tí ìjì Harvey jà ní Texas ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, omi bo ọkọ̀ tí kò lóǹkà ní Houston àti agbègbè rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tà ní gbàǹjo lọ́hùn-ún. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ àga, ẹ wo ibi tí wọ́n ń fi táyà sípíà sí. Ẹrọ̀fọ̀, ìpẹtà àti òórùn búburú kì í parọ́. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe èyí tẹ́ni tó ń tà á bá bá yín pè.

BẸ́ Ẹ BÁ FẸ́ GBA NỌ́ŃBÀ

Bí gbogbo èyí bá ti pé, nọ́ńbà gbígbà ò le. Ẹ kó ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, rìsíìtì tẹ́ ẹ fi rà á àti ìwé ìdánimọ̀ yín lọ sí ọ́fíìsì láìsẹ́ńsì ìpínlẹ̀ yín. Wọn yóò yẹ ọkọ̀ wò, wọn yóò fún yín ní láìsẹ́ńsì, ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú títì, ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín àti nọ́ńbà. Ìnṣọ́ráǹsì kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni èyí tó kéré jù fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti kúrò ní N5,000, tó di N15,000. Orúkọ tiyín ni kí wọ́n kọ sí i, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́, kì í ṣe ti ẹ́jẹ́ǹtì. Kẹ́ ẹ sì lọ fúnra yín. Àwọn tó ń dúró sẹ́nu géètì, tí wọ́n ń sọ pé "ẹ má ṣèyọnu, màá bá yín ṣe é kíá," ọ̀pọ̀ ìgbà lọ́wọ́ wọn nìwé ayédèrú ti ń jáde.

Ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí lè ra ọkọ̀ tó gbówó lórí ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ, wọ́n sì lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ ọjà á ná. Àmọ́ lọ́jọ́ tí aṣọ́bodè bá nawọ́ dá àwọn méjèèjì dúró, ẹni tó mú ìwé jáde, tí wọ́n ní kó máa lọ, ni kẹ́ ẹ bi léèrè èwo ló wọ́n jù.