Láti orí òkìtì ajubọ́ọ̀lù dé iwájú pátákó ìkọ̀wé

Ajubọ́ọ̀lù líìgì kékeré ni eléré béésìbọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà ti gbà síṣẹ́, àmọ́ tí wọn ò tíì gbà pé ó tó bá àwọn àgbà eléré figagbága. Ẹgbẹ́ 30 ló wà ní líìgì ńlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹgbẹ́ mẹ́rin tó ń tọ́ eléré fún un: ìpele A ló wà nísàlẹ̀, A gíga tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà AA, kó tó wá kan AAA. Láti ọdún 2021 ni iye wọn ti di 120, nítorí àwọn aláṣẹ líìgì ńlá yọ nǹkan bí 40 kúrò lọ́dún náà. Lókè lọ́hùn-ún, ajubọ́ọ̀lù 13 ni ẹgbẹ́ kan lè ní láàárín eléré 26. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé àyè 390 péré ni gbogbo àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ń dù, àgbà eléré ló sì jókòó sórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀.

Ibi tí ajubọ́ọ̀lù ń dúró sí jìnnà sí ẹni tó di igi mú ní ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínṣì 6. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré máìlì 90 ní wákàtí kan á dé ọ̀dọ̀ ẹni náà kí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Èjìká àti ìgbúnwọ́ ló ń fara gbá a. Tí iṣan tó so eegun ìgbúnwọ́ pọ̀ bá já láyé àtijọ́, eré ẹni náà ti parí nìyẹn. Ní 1974, Dókítà Frank Jobe mú iṣan láti apá ọ̀tún Tommy John, ó fi rọ́pò èyí tó já ní apá òsì rẹ̀, John sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1976. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pe iṣẹ́ abẹ náà títí di òní. Àmọ́ ara kì í sábà padà bọ̀ sípò láàárín ọdún kan, ẹgbẹ́ kì í sì í ní sùúrù fún ẹni tí kò tíì lórúkọ.

Owó wọn kéré títí dójú ẹ̀gàn. Kó tó di 2021, dọ́là 290 lọ́sẹ̀ ni owó tó kéré jù fún ìpele A, kìkì oṣù tí eré bá ń lọ ni wọ́n sì ń san án. Òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe ní 2018 tún yọ wọ́n kúrò lára àwọn tí òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù ń dáàbò bò dáadáa. Ìrẹ́jẹ gbáà ni, nítorí àwọn tó ni ẹgbẹ́ wọ̀nyí lówó rẹpẹtẹ.

Abájọ tí ọ̀pọ̀ fi ń wá iṣẹ́ mìíràn láti oṣù Kẹwàá títí di ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀. Iṣẹ́ adelé olùkọ́ wà lára èyí tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, torí àwọn ìpínlẹ̀ kan kò béèrè ju ìwé ẹ̀rí girama lọ. Ní Texas, ìdè tó wà láàárín iṣẹ́ olùkọ́ àti ti akọ́nimọ̀ọ́gbá tún le sí i: ó sábà jẹ́ pé òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún fún ilé ẹ̀kọ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀. Ajubọ́ọ̀lù tó bá fẹ́ máa tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà lórí pápá sábà máa ń kọ́ wọn ní kíláàsì pẹ̀lú.

Ọ̀nà yìí ni Jim Morris gbà. Ní 1983 ni ẹgbẹ́ Milwaukee Brewers yàn án, àmọ́ apá òsì rẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn eré. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lóríṣiríṣi, ó dáwọ́ dúró láì kọjá ìpele A. Ó kàwé, ó di olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ní girama Reagan County ní Big Lake. Lọ́dún 1999, ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ní béésìbọ́ọ̀lù pinnu pé tí wọ́n bá gba ife àgbègbè wọn, òun náà á lọ dán ara òun wò lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Wọ́n gba ife náà. Morris, ẹni ọdún 35, kó àwọn ọmọ bíbí rẹ̀ mẹ́ta dání lọ síbi ìdánwò ní Brownwood, ó sì ju bọ́ọ̀lù. Máìlì 98 ni ẹ̀rọ tó ń wọn eré bọ́ọ̀lù kà, léraléra, bẹ́ẹ̀ ó yá ju ti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ lọ dáadáa. Tampa Bay Devil Rays gbà á. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ní Arlington, bọ́ọ̀lù mẹ́rin ló fi lé Royce Clayton, ẹni tó di igi mú, padà síbi ìjókòó. Eré 21 ló jù ní líìgì ńlá. Èyí tó kẹ́yìn wáyé ní New York ní oṣù Karùn-ún 2000, kí apá náà tó tún dà á láàmú. Fíìmù ìtàn rẹ̀ jáde ní 2002. Àwọn tó ń ka ọdún tó fi ṣe olùkọ́ sí ọdún òfò kò rò ó dáadáa, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gan-an ló tì í padà sórí pápá.

Ní ti ọ̀rọ̀ owó, àwọn eléré líìgì kékeré wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ eléré líìgì ńlá ní 2022. Ní 2023 ni àdéhùn wọn àkọ́kọ́ gbé owó ọdún tó kéré jù ní ìpele A láti dọ́là 11,000 sí 26,200, tí ti AAA sì di 35,800. Àdéhùn náà máa ṣiṣẹ́ títí dé eré ọdún 2027.