TÍRÉLÀ TÓ JÁ ÌRÙ SÍLẸ̀ KÌ Í MỌ OLÓWÓ: Ẹ̀YIN ỌLỌ́KỌ̀ ÌKÒRÒDÚ ÀTI Ẹ̀PẸ́, Ẹ YẸ IRIN ÌDÈ YÍN WÒ!

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ìkòròdú sí Itoikin, títí dé Ẹ̀pẹ́, á ti rí i pé tírélà kì í jẹ́ kí ojú títì sinmi. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí èbúté Lẹ́kí ní Ìbẹ́jú, ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni wọ́n sì ṣí ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote. Ẹrù ńlá ńlá ń kọjá: irin, sìmẹ́ǹtì, katapílà, kọ̀nténà. Iṣẹ́ dé, owó dé. Ṣùgbọ́n ewu náà bá wọn wọlé.

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọlọ́kọ̀ ti ní orí tírélà nílẹ̀. Ó wá rí ìrù kan rà ní pọ́ọ́kú, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Inú rẹ̀ dùn. Àṣé ìrù náà kì í ṣe irú èyí tí orí tirẹ̀ ń fà! Gooseneck ni òyìnbó ń pè é, nítorí pé ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ ńlá. Pikọ́ọ̀pù ló sábà máa ń fà á lọ́hùn-ún. Ni ọlọ́kọ̀ bá gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà lọ.

“Ọ̀gá, ẹ bá mi jó o mọ́ ọn, jọ̀ọ́. Iṣẹ́ ń dúró dè mí.”

“Kékeré nìyẹn, Alàgbà. Ẹ ṣáà mú owó iṣẹ́ wá.”

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti dé.

Ọ̀rọ̀ náà kò le. Lẹ́yìn orí tírélà, irin pẹlẹbẹ kan wà tó lanu, tí wọ́n ń fi gírísì kùn. Fifth wheel ni wọ́n ń pè é. Lábẹ́ ìrù tírélà, ọ̀pá irin kúkúrú kan wà tó ń jẹ́ kingpin. Ínǹṣì 2 ni ìbú rẹ̀, ìyẹn milimítà 50.8, ti ẹrù tó wúwo gan-an lè tó ínǹṣì 3 ààbọ̀. Bí orí bá fẹ̀yìn wọ abẹ́ ìrù, ẹnu irin yẹn á gbá kingpin mú, á sì tì pa. Gooseneck kò ní kingpin. Ihò ló ní, bọ́ọ̀lù irin tó jẹ́ ínǹṣì 2 àti 5/16 ló sì sábà máa ń wọ̀ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ ilé kan kì í ṣí ilé kejì.

Ọ̀nà tó tọ́ wà. Wọ́n ń ṣe pátákó irin tó ní kingpin nísàlẹ̀, tó ní bọ́ọ̀lù lókè. Kingpin á wọ ẹnu fifth wheel, ọrùn ìrù á gùn lé bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n fifth wheel fúnra rẹ̀ máa ń mì síwá sẹ́yìn, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ dè é kó má lè yí, kó má lè mì. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n pààrọ̀ ẹnu ìrù náà sí oní-kingpin, bí ọrùn rẹ̀ bá lè gbà á.

Ohun tí kò dára ni kí wẹ́dà jó bọ́ọ̀lù mọ́ ṣáńsí. Ọ̀pọ̀ ṣáńsí tírélà ni wọ́n ti fi iná sè nílé iṣẹ́ kó lè le. Iná wẹ́dà á tún sọ ojú ibẹ̀ di rírọ̀. Lójú, ó gún régé. Ó di ọjọ́ kan, nínú kòtò kan, ó là! Bóòtù líle ni kí wọ́n fi dè é.

Ti gíga ńkọ́? Fifth wheel ga ju ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù lọ. Bí ìrù bá gbé imú sókè, ẹrù á rọ́ lọ bá táyà ẹ̀yìn, táyà á gbóná, á bẹ́. Ti búrèékì náà wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni tírélà ń lò, ọ̀pọ̀ gooseneck sì ń lo búrèékì oníná, volt 12. Ọ̀pọ̀ orí tírélà tó ti Yúróòpù wá, volt 24 ni tiwọn. Ẹni tó bá kàn so wáyà pọ̀, wáyà á jó, búrèékì ìrù kò ní mú, ìrù á sì máa ti orí lẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nítorí pé orí lágbára, ìrù ti di alágbára. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìrù ni kí wọ́n tẹ̀ lé.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó rántí Ojúẹlẹ́gba. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀nténà jábọ́ láti orí afárá sórí mọ́tò, ènìyàn 3 kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, òmíràn ṣubú lu bọ́ọ̀sì èrò níbẹ̀ kan náà, ènìyàn 9 kú, ọmọdé wà nínú wọn. Ohun yòówù kó fà á, àwọn tó kú kì í ṣe ọlọ́kọ̀, wọn kì í ṣe wẹ́dà. Èrò tó ń lọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin dírẹ́bà, kí ẹ tó ṣíná: ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó pé ẹnu irin ti pàdé lẹ́yìn kingpin. Ẹ wò ó pé àlàfo kò sí láàárín irin méjèèjì. Ẹ ti búrèékì ìrù, kí ẹ fi jíà kékeré fà á díẹ̀ síwájú. Bó bá máa já, kó já nínú gáréèjì. Gooseneck gbọ́dọ̀ ní ṣéènì. Kingpin tó ti jẹ dé milimítà 49 ti di pàǹtí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ máa lọ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin náà ní ọmọ nílé.

Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ìrù tí ẹ rà ní pọ́ọ́kú, ẹ má jẹ́ kó di èyí tí ọmọ ẹlòmíì fi ẹ̀mí san gbèsè rẹ̀.