Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Láàárín Àwọn Ọ̀dọ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jókòó ti ìwé tí kò sì mọ ohun tí ó ń kà ni ọ̀lẹ. Ní ọdún 1960, oníṣègùn ará Kánádà kan, Raymond Prince, kọ̀wé nípa irú àìsàn yìí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà: orí a máa gbóná, ojú a máa ṣe bàìbàì, ohun tí a kà kì í sì í yé ni. Ó wòye pé ẹrù ìrètí ẹbí wà lára ohun tí ó ń fà á.

Ẹni tí ìyá rẹ̀ ta aṣọ, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fi ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò lè ṣàìbi ara rẹ̀ pé, “Ta ni èmi í ṣe? Iṣẹ́ ta ni mo ń jẹ́?” Ìbéèrè náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àìrẹ́ni bá sọ ọ́ ni ó ń mú kí ó wúwo.

Nítorí náà, bí ìbànújẹ́, àìróorunsùn àti àìfẹ́ ṣe ohunkóhun bá wà lára ẹnì kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a mú un tọ oníṣègùn lọ, kí a má sì ṣe ta á nù. Ní ọdún 1954 ni Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn aláìsàn ọkàn ní Aro, l'Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń gbé abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn.

Àwa tí a ó di olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a máa bi ọmọ léèrè kí a tó bá a wí.