Ta Ló Ń San Owó Ẹbọ Ìfẹ́ Nínú Sinimá Wa?

Àwọn Tamil ti gúúsù ilẹ̀ Íńdíà mọ bí wọ́n ṣe ń fi sinimá ìfẹ́ pa ènìyàn lẹ́kún. Lọ́dún 1982, Balu Mahendra gbé fíìmù kan jáde tó pè ní Moondram Pirai. Kamal Haasan ló ṣe olùkọ́ kan tó yọ ọmọbìnrin kan kúrò nílé aṣẹ́wó, Sridevi ló sì ṣe ọmọbìnrin náà. Ìjàǹbá ọkọ̀ ti mú kí ọmọ yìí gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìwà ọmọdé ló ń hù. Ọkùnrin yìí gbé e lọ sílé, ó bọ́ ọ, ó kẹ́ ẹ, kò sì rẹ́ ẹ jẹ. Nígbà tí iyè ọmọbìnrin náà padà sọjí, ó rántí bàbá àti ìyá rẹ̀, àmọ́ ẹni tó tọ́jú rẹ̀ ti pa rẹ́ kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, ọkùnrin náà ń sá tẹ̀lé ọkọ̀, ó ń tàkìtì bí ọ̀bọ kí ó lè rán an létí eré tí wọ́n jọ máa ń ṣe. Ọmọbìnrin náà rò pé wèrè ni. Ọkọ̀ sì lọ. Fíìmù Íńdíà kì í ṣe àjèjì sí wa. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń gbé wọn hàn ní ilé sinimá káàkiri Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti èdè Hindi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú Moondram Pirai ni pé ẹni tó fẹ́ràn ló rúbọ, òun náà ló sì san gbogbo owó ẹbọ tán.

Ohun tó yẹ kó rí nìyẹn lójú Yorùbá pẹ̀lú. Bí ènìyàn bá lọ sọ́dọ̀ babaláwo, tí Ifá ní kó rúbọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá òbúkọ, òun ni yóò ra ẹyẹlé àti epo. Ẹni tí a dífá fún ló lẹ́bọ. Ṣùgbọ́n tí a bá fara balẹ̀ wo àwọn sinimá Yorùbá tó dá lórí ìfẹ́ tí kò yè, a óò rí i pé òfin yìí ti dojú dé. Ọkùnrin ló ń dífá, ọkùnrin ló ń jẹ́jẹ̀ẹ́, tí ọjọ́ ẹbọ bá wá pé, obìnrin tàbí ọmọ ni wọ́n ń kó owó rẹ̀ lé lórí. Lẹ́yìn náà, fíìmù á ní àyànmọ́ ni. Èrò tèmi ni pé àyànmọ́ kọ́. Nínú èyí tó dára jù lára àwọn sinimá wọ̀nyí, ènìyàn kan wà tí a lè nàka sí pé òun ló pa ìfẹ́, iṣẹ́ àwa òǹwòran sì ni láti má ṣe jẹ́ kó fara pamọ́ sẹ́yìn kádàrá.

Ẹ jẹ́ ká mú Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lórí Netflix ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Afọláyan kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Bàbá rẹ̀, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ade Love, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé tíátà Yorùbá wọ inú sinimá. Olórí ọkùnrin inú fíìmù náà ni Sàró, tí Kúnlé Rẹ̀mí ṣe, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń hun aṣọ òkè. Àwa tí a wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí ìtagbè Òṣùgbó ti jẹ́ aṣọ iyì, mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀fì àti sùúrù tí ó ń gbà kí òwú tó di aṣọ. Sàró dé Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ òfo, ó rí àánú gbà, ó rí iṣẹ́ ṣe, ojú rẹ̀ sì ṣí lọ sí ààfin. Ó fẹ́ Arọ́lákẹ́, olorì kékeré Aláàfin, tí Bímbọ́ Adémóyè ṣe. Àṣírí tú, wọ́n pa Sàró. Ẹyẹ àkàlà tó ń jí òkú dé sí ibi tí òkú rẹ̀ wà, Arọ́lákẹ́ sì lé ẹyẹ náà, ó gba ohun agbára ọwọ́ rẹ̀, ó fi jí ọkùnrin tó fẹ́ràn. Ẹ wo ohun tí obìnrin yìí san: ó fi ipò olorì sílẹ̀, ó fi ìlú sílẹ̀, ó dojú kọ ikú nígbà tí àwọn akọni ń sá fún un. Kí ni Sàró wá ṣe? Ó di olókìkí ní ìlú tí wọ́n sá lọ, ó ń fi agbára tí obìnrin náà gbà fún un jí òkú ọlọ́lá, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn lé e. Nígbà tí ọmọ ọba kú, ọmọbìnrin ọba gan-an ni ó ní kí wọ́n fi san owó iṣẹ́ fún òun. Ọjọ́ yẹn ni agbára kọ̀ láti jẹ́. Àwọn kan wo fíìmù yìí tán, wọ́n ní bí orí Sàró ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ fíìmù náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ jí i dìde. Ìwà rẹ̀ ló tún un pa.

Fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba jinlẹ̀ ju èyí lọ. Bíyí Bándélé ló darí rẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, oṣù kan ṣáájú kí wọ́n tó kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní àjọ̀dún sinimá ìlú Toronto. Láti inú eré Wọlé Ṣóyínká tó jáde lọ́dún 1975 ni wọ́n ti mú un, Ṣóyínká sì jẹ́ ọmọ Ìṣarà níhà ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ní Rẹ́mọ tó jẹ́ ara Ìjẹ̀bú láyé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí eré náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní Ọ̀yọ́, lẹ́yìn tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà lápá ìparí ọdún 1944. Kí Ṣóyínká tó kọ tirẹ̀ ni Dúró Ládiípọ̀ ti fi ṣe Ọba Wàjà. Ẹlẹ́ṣin ni ẹni tó yẹ kó bá ọba lọ. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ìlú fi ń bọ́ ọ fún ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn. Bí ó ṣe ń lọ, ojú rẹ̀ bọ́ sára ọmọbìnrin arẹwà kan lọ́jà, ó ní òun fẹ́ ẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà ni ọmọbìnrin yìí! Ìyálọ́jà gbà, nítorí ta ló máa kọ ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń kú lọ fún ìlú? Nínú ìwé eré náà, ìyàwó tuntun yìí kò sọ gbólóhùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n fà á fún ọkọ, ó di opó, ó sì lóyún, láìsí ẹni tó bi í pé kí lo rí sí i.

A máa ń gbọ́ pé òyìnbó ló ba nǹkan jẹ́ nínú ìtàn yẹn, torí ajẹ́lẹ̀ ló mú Ẹlẹ́ṣin kí ó má bàa kú. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ kọ̀ kí wọ́n ka eré náà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀ràn náà ti wà lọ́kàn Ẹlẹ́ṣin kí ọlọ́pàá tó dé. Ayé dùn mọ́ ọn jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wúwo. Ẹni tó san gbèsè rẹ̀ ni Olúndé, ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn nílùú òyìnbó, tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dípò ti bàbá. Ẹlẹ́ṣin náà padà para rẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹbọ tí ó pẹ́ kí a tó rú, tí ọmọ ti bá a rú tán, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní mo ń fojú tínrín àyànmọ́. Wọ́n á ní Hubert Ògúndé pàápàá, ọmọ Ọ̀ṣọ̀sà tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, bàbá tíátà wa, pe sinimá rẹ̀ tọdún 1988 ní Àyànmọ́. Wọ́n á ní àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá. Kò sí ẹni tó ń jiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan náà tó ní a yan orí lọ́run ló tún fún wa ní ẹbọ, ó fún wa ní ẹsẹ̀ tí a fi ń ran orí lọ́wọ́, ó sì fi ìwà ṣe olórí gbogbo rẹ̀. Bí kádàrá bá jẹ́ ilẹ̀kùn tí a ti kàn pa, kí ni a ń wá lọ sílé babaláwo? Òǹkọ̀tàn tó bá fi àyànmọ́ dí ẹnu wa nígbà tí ọkùnrin inú ìtàn rẹ̀ da olólùfẹ́ rẹ̀, ìdajì ẹ̀kọ́ Yorùbá ló mú, ó fi ìdajì tó kù sílẹ̀.

Àtakò kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn obìnrin inú ìtàn wa kì í ṣe àgùntàn. Àwọn náà yan ohun tí wọ́n ṣe. Ọbà gé etí ara rẹ̀ sínú ọbẹ̀ Ṣàngó ọkọ rẹ̀ nígbà tí orogún rẹ̀ tàn án. Mọ́remí fara rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀tá kó o lẹ́rú, kí ó lè mọ àṣírí wọn. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn, odò sì gba Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ilé-Ifẹ̀ ń bu ọlá fún un dòní. Mo gbà pé akọni ni wọ́n. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: nínú ìtàn mejèèjì, obìnrin ló yan ẹbọ, òun náà ló sì san án. Kò sẹ́ni tó lè ní Mọ́remí ti ẹbọ rẹ̀ sí ẹlòmíràn lọ́rùn, àyàfi ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ fi ìrora bí. Ìyìn tí a ń fún wọn tọ́. Ohun tí kò tọ́ ni kí a sọ ìyìn yẹn di àṣà, kí ọkùnrin inú sinimá òde òní máa retí pé kí gbogbo obìnrin tó bá fẹ́ràn òun jẹ́ Ọbà, kí òun sì lọ láìṣe nǹkan kan. Àwọn mìíràn á ní sinimá kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́, fàájì ni a fi í ṣe. Síbẹ̀, ọmọ tó ń wo fàájì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ni níbẹ̀, bóyá a fẹ́ tàbí a kọ̀.

Sinimá kan wà tó tún òfin ẹbọ ṣe, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wá a wò. Túndé Kèlání ló ṣe é lọ́dún 2001, láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí, ó pè é ní Thunderbolt, tí a tún mọ̀ sí Mágùn. Ngozi, ọmọ Ìgbò, fẹ́ Yínká, ọmọ Yorùbá. Wọ́n ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, owú gba ọkọ lọ́kàn, ó fura pé ìyàwó òun ń yan àlè, mágùn, oògùn tí wọ́n fi ń pa àlè, sì wọ ara obìnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Tí kò bá rí ìwòsàn lásìkò, ikú ni. Ọkọ ló dá iná náà, aya ni kó jóná. Ibi tí ìtàn wa sábà máa ń parí sí nìyí, kí a kó aṣọ ọ̀fọ̀ wọ̀, kí a ní ó ti wà nínú ìwé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Fálétí àti Kèlání kọ̀. Dókítà kan tó fẹ́ràn obìnrin náà gbà láti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu kí Ngozi lè yè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ọ̀gá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ló gbà á padà. Ẹni tó ní òun nífẹ̀ẹ́ ló gbé ẹrù ìfẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ipa yẹn nìkan tó láti gbé fíìmù náà síwájú ọ̀pọ̀ èyí tí owó ńlá bá lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìjẹ̀bú ní ìtàn kan nílẹ̀ tí a kò tíì fi ṣe sinimá tó bó ṣe yẹ. Lọ́dún 1946, nígbà tí Ògúndé fẹ́ ṣe eré Tiger's Empire, ó polówó pé òun ń wá obìnrin tí yóò máa gbowó ṣe tíátà, nígbà tí àwọn òbí ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ìtìjú. Lára àwọn obìnrin tó mú ẹgbẹ́ tíátà Ògúndé dúró ni Adéṣewà, ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mama Èkó nítorí ipa tó kó nínú eré tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ó bá ẹgbẹ́ náà rin ìlú dé ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjàǹbá ọkọ̀ sì pa á ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1970, nígbà tí wọ́n ń lọ ṣeré ní Iléṣà. Ọ̀ṣọ̀sà ṣì wà níbẹ̀, orúkọ Ògúndé sì wà lẹ́nu gbogbo wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú tí ẹ ní kámẹ́rà lọ́wọ́, ẹ lọ ṣe ìwádìí ayé Adéṣewà, kí ẹ fi ṣe fíìmù, kí orúkọ rẹ̀ sì kọ́kọ́ jáde kí ti ọkọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e.