Ọṣẹ Dúdú àti Eérú Èèpo Kòkó

Èèpo kòkó gbígbẹ ni a sun di eérú. A da omi sí i, a sẹ́ ẹ, a sì fi omi eérú náà se àádín títí ó fi di ọṣẹ.

Pọ́táṣì ló wà nínú omi eérú. Ní Lọ́ńdọ́nù, lọ́dún 1807, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Humphry Davy fi iná mànàmáná ya pòtáṣíọ̀mù kúrò lára pọ́táṣì yíyọ́: irin tí ọ̀bẹ ń gé, tó fúyẹ́ ju omi lọ, tó sì ń gbiná tó bá kan omi! Nínú ọṣẹ, ó ti so mọ́ èròjà mìíràn, kò léwu mọ́. Òun ló mú ọṣẹ yìí rọ̀. Sódíọ̀mù, ìbátan rẹ̀, ló ń mú ọṣẹ le.

Iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ gidi ni ọṣẹ síse.